Báwo ni ayàwòrán tó dá dúró ṣe lè máa rí owó gbà lóṣooṣù lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ iṣẹ́ rẹ̀?

Ayàwòrán Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ọnà. Ayàwòrán ni mí, Àkúrẹ́ níhìn-ín ni mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ìtàn alàwòrán ni mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí mò ń yà. Ojú ewé kan ni mo máa ń gbé jáde lórí Facebook àti Instagram ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ní èdè Yorùbá tí mo fi àmì sí dáadáa, nípa ìdílé kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba àti ìyá àgbà wọn tó jẹ́ ọmọ Ìdànrè, tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Àwọn tó ń tẹ̀ lé mi lé díẹ̀ ní 9,000, àwọn olùkọ́ kan sì ti kọ̀wé sí mi pé àwọn ń fi àwọn ojú ewé náà kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà.

Ìṣòro mi ni pé owó tó ń wọlé kò dúró sójú kan. Iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà bá gbé wá ni mo fi ń jẹun: àwòrán tọkọtaya fún ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀yìn ìwé, àmì ìdánimọ̀ fún ilé ìtajà. Ní oṣù Kejìlá, mo lè gba iṣẹ́ méje kí n má sì rí oorun sùn. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, mo lè má rí ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó ilé, epo jẹnẹrétọ̀ àti dátà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ìtàn alàwòrán yẹn, tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ mí, kò mú owó kankan wọlé, nítorí náà òun ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí iṣẹ́ oníbàárà bá pọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo ṣí ojúlé sórí ìkànnì òkè òkun kan níbi tí àwọn alátìlẹyìn ti máa ń dáwó fún oníṣẹ́ ọnà lóṣooṣù. Ènìyàn mọ́kànlá ló forúkọ sílẹ̀, wọ́n ń san dọ́là márùn-ún lóṣù, gbogbo wọn ló sì ń gbé ní òkè òkun. Àwọn tó wà nílé, tí wọ́n pọ̀ jù, ń sọ fún mi pé káàdì báńkì àwọn kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí inú àwọn mọ́kànlá náà lè dùn, mo ṣèlérí púpọ̀: n ó ya àwòrán ojú olúkúlùkù wọn lóṣooṣù, n ó máa ṣe fídíò bí mo ṣe ń yàwòrán, n ó sì máa fi káàdì ìkíni tí a tẹ̀ sórí bébà ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹrin, àwọn ìlérí wọ̀nyí ti gba gbogbo àkókò mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá láìsí ìtàn, ojú tì mí láti kọ̀wé sí wọn, márùn-ún nínú wọn sì lọ.

Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Èkíní ni ọ̀nà tí àwọn tó wà nílé fi lè máa san owó díẹ̀ lóṣooṣù láìsí wàhálà. Èkejì ni èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn: báwo ni mo ṣe fẹ́ béèrè owó lórí ohun tí mo ti ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, tí n kò fi ní dà bí alágbe? Ìyá mi gbọ́ sí i, ó ní òun kò kọ́ mi níṣẹ́ kí n lè máa na ọwọ́ sí ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Akéwì Ẹ̀kìmọ̀gún, Oǹdó

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí ìyá rẹ, nítorí pé ohun tó ń bà á lẹ́rù tó nǹkan. Ìbéèrè rẹ kejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí pé bí ìyẹn kò bá yanjú, kò sí ọ̀nà ìsanwó tí yóò wúlò fún ọ. Ojú yóò máa tì ọ́ láti fi han ènìyàn.

Alágbe àti onílù ààfin kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Alágbe ń lọ sí ibi tí àríyá wà, ó ń wá ẹni tí agbádá rẹ̀ gbòòrò jù, ó ń kì í, ohun tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí ní ọjọ́ náà ni tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, yóò wá òde mìíràn lọ. Onílù ààfin ń jí ọba láràárọ̀, àríyá wà tàbí kò sí, òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, ààfin sì ń bọ́ òun àti ìdílé rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí ìlù náà kò bá dún, gbogbo agbo ilé ni yóò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Wo iṣẹ́ tìrẹ wàyí. Àwọn àwòrán ìgbéyàwó tí o ń yà ní oṣù Kejìlá, òde àríyá ni. Ojú ewé ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ìlù òwúrọ̀. O ti ń lù ú fún ọdún mẹ́fà láìgba kọ́bọ̀, o wá ń tijú láti sọ pé kí àwọn tó ń fi í jí bá ọ ra awọ ìlù.

Ewì ni èmi ń ké. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣooṣù lórí rẹ̀, ènìyàn mẹ́rìnlá péré ni wọ́n. Lónìí wọ́n jẹ́ 83, ₦2,000 ni olúkúlùkù sì ń san. Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń fi ohùn ewì náà ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, lẹ́yìn ọjọ́ méje ni mo máa ń tó gbé e sí gbangba fún gbogbo ayé. Ṣàkíyèsí pé n kò gba ohunkóhun kúrò lọ́wọ́ àwọn tí kò sanwó: ewì náà ṣì ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn tó ń sanwó mọ̀ pé àwọn ni wọ́n jẹ́ kí ó wà, àwọn ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ìyẹn sì tó wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi náà rò pé mo gbọ́dọ̀ máa ki olúkúlùkù wọn ní oríkì ìdílé rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù méjì, àkókò tí ó yẹ kí n fi wá ọ̀rọ̀ ewì tuntun ni mo fi ń wá oríkì kiri, ewì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n dá a dúró. Kò sí ẹni tó bínú, kò sì sí ẹni tó lọ.

Ní tèmi, àsìkò ìsanwó ṣe pàtàkì ju iye owó lọ. Wo bí alájọ ṣe máa ń ṣe nínú ọjà: kì í lọ bá oníṣòwò nígbà tí kò tíì tajà, kì í sì í dúró di ìgbà tí owó bá ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn tán. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ tó wà láàárín àwọn ènìyàn mi máa ń san láàárín ọjọ́ 25 oṣù sí ọjọ́ 3 oṣù tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ọjọ́ 25 ni mo máa ń fi ìránnilétí ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré, ní gbólóhùn méjì. Àwọn àgbẹ̀ oníkòkó kò ní owó oṣù. Láti oṣù Kẹwàá títí wọ inú ọdún tuntun ni kòkó máa ń pọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, ìgbà náà ni wọ́n ń san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, ₦20,000 ni mo sì ń gbà lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá ní kí wọ́n san ₦2,000 ní oṣù Kẹfà, nígbà tí kòkó kò tíì pọ̀, mo mọ̀ pé wọn yóò sá fún mi, ojú yóò sì máa tì wọ́n láti gbọ́ ewì mi.

Mo ní ìwé kan tí mò ń kọ orúkọ sí. Lóṣooṣù, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kì í san. N kì í yọ wọ́n ní oṣù àkọ́kọ́. Àlàáfíà wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, lọ́pọ̀ ìgbà ni mo sì máa ń gbọ́ pé àìsàn tàbí owó ilé ìwé ọmọ ló fà á. Àwọn tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ló ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ mi.

Nígbà tí o bá fẹ́ kọ̀wé sí àwọn ènìyàn rẹ, má sọ pé ebi ń pa ọ. Sọ fún wọn pé o fẹ́ kí ìtàn náà máa jáde ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì láìyẹ̀, sọ ohun tí ó ń ná ọ, kí o sì sọ iye ènìyàn tí o nílò kí ó tó lè rí bẹ́ẹ̀.

Òǹṣirò Alágbàká, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Arábìnrin mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín wo ìbéèrè àkọ́kọ́, torí pé ìṣirò owó fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Kì í ṣe pé àwọn ará ilé kò fẹ́ san. Láti ọdún 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye owó òkè òkun tí a lè fi káàdì náírà san kù, púpọ̀ nínú wọn sì dá a dúró pátápátá fún ìgbà pípẹ́. Kódà níbi tí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó ń gba owó oṣù rẹ̀ ní náírà kò lè mọ ohun tí dọ́là márùn-ún yóò jẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ rántí oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba ní kí ọjà máa pinnu iye náírà: dọ́là tó jẹ́ nǹkan bíi ₦460 ní báńkì kọjá ₦700 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó ṣèlérí dọ́là márùn-ún fún yín rí i pé ẹrù náà di ìlọ́po mẹ́ta lórí òun, láìjẹ́ pé ẹ̀yin fi nǹkan kan kún un. Nítorí náà, ẹ dá iye ti ilé ní náírà, kí ti òkè òkun dá wà ní dọ́là.

Fún ti ilé, Paystack, ilé iṣẹ́ ìsanwó orí ẹ̀rọ ayélujára tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2015, ní ètò tó lè máa yọ owó láti orí káàdì lóṣooṣù fúnra rẹ̀, ó sì ń gba owó tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́ tààrà láti inú àkáǹtì báńkì pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n ń yọ lórí owó tí a bá san nínú Nàìjíríà ni ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú ₦100. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ₦100 yẹn bí owó náà kò bá tó ₦2,500. Ẹ wo èyí dáadáa. Bí ẹ bá ní kí wọ́n máa san ₦2,500, ₦137.50 ni wọn yóò yọ, ₦2,362.50 ni yóò sì kù fún yín. Bí ẹ bá ní kí wọ́n máa san ₦2,400, ₦36 péré ni wọn yóò yọ, ₦2,364 ni yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹni tó ń sanwó fi ₦100 pamọ́, owó tiyín kò sì dín. Ó tilẹ̀ fi díẹ̀ lé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó dá iye sí ₦2,500 torí pé ó rọrùn láti kà, tí wọn kò jókòó ṣe ìṣirò yìí rí, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé àwọn tí èrè wọn kéré ló ń pàdánù rẹ̀.

Ẹ má gbójú lé yíyọ owó láti orí káàdì nìkan. Káàdì máa ń dọjọ́, owó sì lè má sí nínú àkáǹtì ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá wá yọ ọ́. Ìwé tí Bàbá ń kọ orúkọ sí àti ìránnilétí ọjọ́ 25 wọn kò ṣeé fi sílẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀rọ náà gbọ́n tó.

Ní ti ìkànnì òkè òkun, ẹ ka ohun tí wọ́n ń gbà kí ẹ tó dá iye. Lórí Patreon, ẹni tó bá ṣí ojúlé tuntun lẹ́yìn ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 yóò máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún wọn, ohun tí wọ́n ń yọ lórí ìsanwó fúnra rẹ̀ sì tún wà lọ́tọ̀. Nínú dọ́là márùn-ún, ohun tó máa kù jẹ́ nǹkan bíi dọ́là mẹ́rin àti sẹ́ǹtì márùn-ún. Nínú dọ́là mẹ́ta, nǹkan bíi dọ́là méjì àti sẹ́ǹtì 45, kí a tó yọ ti gbígbé e wá sílé nípasẹ̀ Payoneer. Apple náà ń gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tí ènìyàn bá san nínú áàpù Patreon orí iPhone, nítorí náà ẹ bẹ àwọn tó wà lókè òkun pé kí wọ́n fi Chrome tàbí Safari ṣí ìkànnì náà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ko-fi, ìkànnì ìdáwó mìíràn, kì í yọ nǹkan kan lórí ẹ̀bùn tí ènìyàn bá fúnni lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n PayPal tàbí Stripe ni owó náà ń gbà wọlé, PayPal sì jẹ́ ohun tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2014 pẹ̀lú fífi owó ránṣẹ́ nìkan. Ẹ wádìí ohun tí àkáǹtì tiyín lè gbà kí ẹ tó fi líǹkì rẹ̀ síta.

Ohun kan kù. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Owó alátìlẹyìn àti owó oníbàárà, kí gbogbo rẹ̀ máa wọ ibẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín sì máa gba iye kan náà láti inú rẹ̀ lóṣooṣù bí ẹni tó ń gba owó oṣù. Iṣẹ́ méje ti oṣù Kejìlá ni yóò gbé yín la oṣù Kejì kọjá. Yóò tún jẹ́ kí àkọsílẹ̀ yín mọ́ fún owó orí: láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, òfin tuntun kò gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan, àmọ́ ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ìwé hàn.

Olórin Àpátápítì, Àkúrẹ́

Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹ̀yin àgbà sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa ayàwòrán gbọ́ tèmi náà, kí wọ́n má bàa fi 9,000 ṣe ìṣirò. Ènìyàn 4,000 ló ń tẹ̀ lé mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdáwó oṣooṣù. Mọ́kàndínlógún ló san ní oṣù àkọ́kọ́, wọ́n di méjìlá ní oṣù kẹta. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní ọjọ́ 25. Ọjọ́ tí ilé bá fi nǹkan ránṣẹ́ ni ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dá ti oṣooṣù dúró, tí mo ń ta orin kọ̀ọ̀kan ní ₦500 lórí Selar, ìkànnì tí a ti ń ta orin àti ìwé, nígbàkígbà tí mo bá parí ọ̀kan, owó tó wọlé pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dúró sójú kan.

Ẹ ka àwọn tó ń fèsì sábẹ́ iṣẹ́ yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ léra. Ẹni tó bá fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta ni kí ẹ kà sí ènìyàn yín. Kí ẹ sì wo irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Oǹdó, Manchester

Gbogbo ẹni tó ti sọ̀rọ̀ ló wà lára àwọn tó ń gba owó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ ẹni tó ń san án. Ayàwòrán méjì àti olórin kan ni mò ń dáwó fún lóṣooṣù. Ẹni kẹrin wà tẹ́lẹ̀ tí mo fi sílẹ̀, mo sì fẹ́ kí arábìnrin wa mọ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe pé iṣẹ́ rẹ̀ kéré. Oṣù mẹ́rin ni owó fi ń kúrò nínú àkáǹtì mi tí n kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀: kò sọ pé ara òun kò yá, kò sọ pé òun rìnrìn àjò, kò sọ pé iṣẹ́ le. Ká ní ó kọ gbólóhùn kan péré, n kò ní lọ. Ó ṣeé ṣe kí n tilẹ̀ fi kún owó náà. Ìdákẹ́jẹ́ ló lé mi. Nígbà tí mo kà á pé ojú tì yín láti kọ̀wé sí àwọn ènìyàn yín, mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìtàn kò jáde ló lé àwọn márùn-ún yẹn.

Àwọn ẹ̀bùn tí ẹ ń pa ara yín lórí wọn, ẹ má bínú, n kò nílò wọn. Àwọn káàdì ìkíni tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi wà nínú àpótí kan, n kò mọ èyí tó ti ọ̀dọ̀ ta ni wá mọ́. Fídíò bí a ṣe ń yàwòrán, n kì í ráyè wò ó, torí pé iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Ohun tí mò ń sanwó fún ni pé ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí Yorùbá rẹ̀ kò ju kíkí àgbà lọ tẹ́lẹ̀, máa ń jókòó tì mí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, a ó ka ojú ewé ìtàn kan pọ̀, yóò sì máa bi mí pé kí ni ìyálẹ̀ta, kí ni wọ́n ń pè ní àjà ilé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. N kò mọ ọjà tí mo ti lè ra ìyẹn níhìn-ín. Bí ojú ewé náà bá ti ń dé ní ọjọ́ tí wọ́n ní yóò dé, tí mo sì ń gbọ́ ohùn ẹni tó yà á lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kò sí ohun mìíràn tí mo ń retí.

Ohun kan wà tí yóò mú mi san ju dọ́là márùn-ún lọ. Ẹ sọ pé àwọn olùkọ́ ń lo iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá lè tẹ ojú ewé mẹ́rin ti oṣù kan sórí bébà fún kíláàsì kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ iye tí yóò ná yín, pẹ̀lú owó iṣẹ́ tiyín nínú rẹ̀, èmi yóò gbé ti kíláàsì kan, mo sì mọ ènìyàn mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ìlú wa níhìn-ín tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà lẹ́yìn odi ló ń wá ohun tí a lè ṣe fún ilé. Ẹni tí a ó gbé e lé lọ́wọ́ ni a kì í mọ̀.

Ayàwòrán Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ka ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ka ọ̀rọ̀ onílù ààfin sí ìyá mi létí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó béèrè pé ta ni yóò máa kọ orúkọ àwọn tó bá san sínú ìwé. Ó yẹ kí n ti sọ pé alájọ ni ìyá mi ní Ọjà Ọba kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ní òun ni yóò máa kọ ọ́.

Mo ti ka àwọn tó fèsì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí àbúrò wa olórin ṣe wí. Wọ́n jẹ́ 112, mo sì rí i pé olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ìyá ọlọ́mọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ogójì ènìyàn ni n ó kọ́kọ́ wá, ní ₦2,400. Bí wọ́n bá pé, ₦94,560 ni yóò máa wọlé lóṣù, ó sì máa gbé owó ilé, epo àti dátà. Ohun tí n ó ṣèlérí kò ju pé ojú ewé ọjọ́ Ẹtì yóò dé ọwọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú gbogbo ayé, n ó sì fi lẹ́tà kúkúrú kan kún un ní ìparí oṣù. Mo ti kọ̀wé sí àwọn mẹ́fà tó kù lókè òkun àti àwọn márùn-ún tó lọ, mo tọrọ àforíjì, mo sì sọ òtítọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Méjì nínú àwọn tó lọ ti fèsì, ọ̀kan ti padà.

Ìbéèrè kan ló kù. Bí àìsàn bá dé, tàbí bí oṣù Kejìlá bá tún kún fún iṣẹ́ ìgbéyàwó, kí ni mo lè ṣe tí ọjọ́ Ẹtì kò fi ní yẹ̀?

Akéwì Ẹ̀kìmọ̀gún, Oǹdó

Mo kí ìyá rẹ gan-an. Má ṣí ẹnu ọ̀nà náà títí o ó fi ní ojú ewé mẹ́rin tó ti parí nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Àwọn mẹ́rin yẹn ni àká rẹ. Bí o bá mú ọ̀kan níbẹ̀, dá a padà láàárín oṣù kan. Nígbà tí o bá sì ń wo ohun tí o fẹ́ ṣèlérí, inú oṣù Kejìlá ni kí o ti wò ó. Má wò ó láti inú oṣù Kejì tí ọwọ́ rẹ dilẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni èmi ti ṣèlérí oríkì.

Òǹṣirò Alágbàká, Àkúrẹ́

Owó kíláàsì tí arábìnrin wa ní Manchester sọ, ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ owó àwọn ogójì. Kí ìyá yín ya ojú ìwé ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó bá bá yín tẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó sanwó lè rí i.

Ayàwòrán Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́

Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun. Ojú ewé méjì ti parí nínú mẹ́rin. Òní ni n ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta, níbi tí ìyá àgbà ti mú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ gun Òkè Ìdànrè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ 25 oṣù tó ń bọ̀ ni n ó kọ̀wé sí àwọn 112. Mo tún ti bá olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ ní Òkè-Àró. Ọmọ 38 ló wà ní kíláàsì rẹ̀, mo sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní ọjọ́ Ajé láti béèrè iye tí wọn yóò gbà.